Èló Ló Yẹ Kí Èèyàn Ná Kó Tó Lè Jáwọ́ Nínú Sìgá?

Ẹni tó bá pinnu láti fi sìgá sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja lónìí, ìmọ̀ràn kò ní í wọ́n ọn. Ọ̀kan á ní kó lọ gba àgbo, òmíràn á ní kó máa jẹ orógbó tàbí kó máa fi súìtì panu. Ẹlòmíràn á na fóònù sí i kó wo ìpolówó olùtọ́jú kan tó ń ṣèlérí pé ìjókòó kan ṣoṣo ti tó láti pa òùngbẹ sìgá rẹ́ lọ́kàn ẹni. Ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní hypnotherapy ni ìyẹn, owó gidi ni wọ́n sì ń gbà lé e lórí. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò sọ fún amusìgá náà, láìfi bò, èwo nínú gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ àti èló ni yóò ná an títí yóò fi já a. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé iye tí wọ́n bá dá lé ìtọ́jú kan kọ́ ló yẹ ká fi wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n tó tọ́ ni iye tí a ó ná kí ẹnì kan tó jáwọ́, kó má sì padà sídìí rẹ̀ mọ́. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn gbogbo ọ̀nà tó wà nílẹ̀, àwọn tí owó wọn rọjú ló ń borí. Nítorí náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogi kò ní àwáwí kankan fún bí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kò ṣe sí nínú ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò wa.

Ìwádìí tí orílẹ̀-èdè wa ṣe lórí lílo tábà láàárín àwọn àgbà ní ọdún 2012 fi hàn pé ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà, ìyẹn bíi mílíọ̀nù 4.5 èèyàn, ló ń lo tábà lọ́nà kan tàbí òmíràn. Bíi mílíọ̀nù 3.1 ló ń fà á. Lójú ẹni tó bá fi wé ti ilẹ̀ mìíràn, iye náà lè dà bí èyí tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ń mu ún ló fẹ́ jáwọ́ tàbí tó ń rò ó. Àwọn wọ̀nyí kò nílò ìwàásù mọ́. Wọ́n ti gbọ́ pé amusìgá a máa kú ní rèwerèwe, ó wà lára pákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń wá. Ọ̀rọ̀ náà sì kan Lọ́kọ́ja gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ìlú oríta ni: ọ̀nà Àbújá, ọ̀nà Òkènè, ọ̀nà Kábbà àti ọ̀nà Ajaokuta ló pàdé níbẹ̀. Awakọ̀ tírélà, ọmọ ọkọ̀, ọlọ́kadà àti akẹ́kọ̀ọ́ ló jọ ń dúró nídìí tábìlì kan náà. Lórí irú tábìlì bẹ́ẹ̀, ní oríta Ganaja tàbí ní Felele, pákẹ́ẹ̀tì sìgá á wà ní ṣíṣí, obì àti súìtì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì fi okùn so láítà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kí oníbàárà má baà mú un lọ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Òfin Ìṣàkóso Tábà ti ọdún 2015, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù, ka títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀, ó sì ka títà á fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 léèwọ̀.

Ẹni tó bá ń ra nǹkan ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kì í tètè mọ iye tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ẹyọ sìgá kan jẹ́ ₦100, kí ẹnì kan sì máa mu mẹ́wàá lójúmọ́. ₦1,000 lójúmọ́ nìyẹn, ₦30,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba Gómìnà Ahmed Usman Ododo fọwọ́ sí fún àwọn òṣìṣẹ́ Kogi ní ọdún 2024 jẹ́ ₦72,500. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yìí tó sì ń mu mẹ́wàá lójúmọ́ ti dáná sun ohun tó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún owó oṣù rẹ̀, kó tó ra gààrí, kó tó sanwó ilé ìwé ọmọ. A kò tíì ka owó oògùn ikọ́, ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àrùn ọkàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Ìdí nìyí tí a fi ní kò sí ọ̀nà ìjáwọ́ kan tí èèyàn lè pè ní ọ̀wọ́n tàbí ọ̀pọ̀ láìkọ́kọ́ fi í wé owó tí sìgá fúnra rẹ̀ ń gbà. Àmọ́ ìṣirò yìí náà ni àwọn tó ń ta ìtọ́jú olówó ńlá máa ń gùn lé. Wọ́n á ní, “Ohun tí ẹ̀ ń ná lórí sìgá lóṣù mẹ́ta péré ni à ń gbà.” Ọ̀rọ̀ wọn ì bá jóòótọ́ bó bá dájú pé ẹni tó sanwó náà yóò jáwọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Nínú ìtọ́jú hypnotherapy, olùtọ́jú á ní kí ẹni tó wá bá òun jókòó tàbí kó fẹ̀yìn tì, á máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀, tí ọkàn rẹ̀ yóò sì pa pọ̀ sójú kan, bí ẹni tó wà láàárín oorun àti ojú lílà. Ìgbà yẹn ni yóò wá máa gbìn ín sí i lọ́kàn pé sìgá ń rùn, pé ara rẹ̀ kò fẹ́ ẹ mọ́, pé ó lágbára láti kọ̀ ọ́. Kì í ṣe èèdì, bí àwọn kan ti ń bẹ̀rù, kì í sì í ṣe oògùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Okun àti àwọn Yorùbá mìíràn ń gbé, ètò ìlera ìjọba wọn tí wọ́n ń pè ní NHS kì í sábà pèsè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ni yóò fowó ara rẹ̀ ṣe é, NHS fúnra rẹ̀ sì ti sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé ìjókòó kan lè gbà tó £50 sí £90. Bí a bá ṣẹ́ £50 yẹn sí náírà, ó ju owó oṣù tó kéré jù lọ ní Kogi lọ, ìjókòó kan péré sì nìyẹn. Òfin ilẹ̀ wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí kan pàtó lọ́wọ́ ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní olùtọ́jú bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, ohun tí olùtọ́jú bá dá ni oníbàárà ń san. Bí ará Lọ́kọ́ja bá sì ní láti wọkọ̀ lọ sí Àbújá nítorí rẹ̀, owó ọkọ̀ àti iṣẹ́ ọjọ́ kan tó pa tì á tún gun orí rẹ̀.

Kí ni ẹ̀rí sọ? Ẹgbẹ́ Cochrane, tó máa ń kó àwọn ìwádìí ìṣègùn jọ láti gbogbo àgbáyé kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò papọ̀, gbé àbájáde jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2019. Ìwádìí 14 ni wọ́n kó jọ, èèyàn 1,926 ló sì wà nínú wọn. Ìparí ọ̀rọ̀ wọn ni pé kò sí ẹ̀rí tó tó láti fi sọ pé ìtọ́jú yìí ń mú èèyàn jáwọ́ ju ìmọ̀ràn àti ìfinilọ́kànbalẹ̀ lásán lọ, tàbí ju kí èèyàn dá ara rẹ̀ gbìyànjú. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbé ìlànà tuntun jáde ní oṣù keje ọdún 2024 lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa ran àwọn àgbà lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú tábà. Lórí irú ìtọ́jú àfikún bí èyí, ibi kan náà ni àwọn náà dúró sí: ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti sọ pé kí wọ́n máa lò ó tàbí kí wọ́n má lò ó. A ní láti ka ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe wà. Kò sọ pé irọ́ ni ìtọ́jú náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kò sí ẹni tó ti ipasẹ̀ rẹ̀ fi sìgá sílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún oníbàárà pé owó tó san yóò so èso.

Ẹnì kan lè wí pé àwọn tó ń jẹ́rìí sí i kò lóǹkà, pé olùtọ́jú kan tilẹ̀ ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó wá sọ́dọ̀ òun ló jáwọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè nǹkan mẹ́rin. Ta ló kà wọ́n, ṣé gbogbo ẹni tó sanwó ni àbí àwọn tó padà wá dúpẹ́ nìkan? Ìgbà wo ni wọ́n kà wọ́n, ṣé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni àbí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Ṣé wọ́n yẹ èémí tàbí itọ́ wọn wò láti mọ̀ bóyá èéfín ṣì ń wọ ara wọn, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n gbà gbọ́? Àwọn wo ni wọ́n fi wọ́n wé? Ẹni tó ti pinnu débi pé ó kó owó ńlá sílẹ̀ ti ní ìpinnu tí ọ̀pọ̀ amusìgá kò ní, ó sì ṣeé ṣe kó jáwọ́ bó bá tilẹ̀ jẹ́ omi tútù ni wọ́n fún un mu. Nítorí èyí ni ìwádìí tó yanjú fi máa ń pín èèyàn sí ọ̀nà méjì, kí ó lè hàn ohun tí ìtọ́jú fúnra rẹ̀ fi kún ìpinnu. Nígbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún hypnotherapy, àfikún náà kò hàn kedere.

Ó hàn fún àwọn ọ̀nà mìíràn. Nikotíìnì inú tábà ló ń de èèyàn mọ́lẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ lẹ́yìn tí èèyàn bá fa èéfín sínú tí yóò fi dé ọpọlọ, ọpọlọ á sì mọ́ ọn lára. Bí kò bá rí i gbà mọ́, inú á máa bí ẹni, oorun á dá, ara kò ní balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló le jù, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ara tó rọlẹ̀. Iṣẹ́ bébà alẹ̀mọ́ra oní-nikotíìnì àti ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀ ni láti máa fún ara ní díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún, láìsí èéfín àti ọ̀dà tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, títí èèyàn yóò fi bọ́. Cochrane yẹ èyí náà wò ní ọdún 2018, nínú ìwádìí tó lé ní ọgọ́rùn-ún tó kó èèyàn tó ju 64,000 lọ jọ, wọ́n sì rí i pé ó ń fi nǹkan bí ìdá 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún kún àǹfààní tí èèyàn ní láti jáwọ́. Ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ bébà àti ṣingọ́ọ̀mù náà sínú ìwé àwọn oògùn tí kò yẹ kó wọ́n ní ilẹ̀ kankan. Ní ọdún 2021, wọ́n fi oògùn oníhóró méjì kún un, varenicline àti bupropion. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní EAGLES, tó jáde ní ọdún 2016, kó èèyàn 8,144 jọ ní orílẹ̀-èdè 16. Wọ́n wo iye àwọn tí kò fẹnu kan sìgá rárá láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án títí dé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún. Nínú ọgọ́rùn-ún tó lo varenicline, 21.8 ló dúró ṣinṣin. Ti bupropion jẹ́ 16.2, ti bébà alẹ̀mọ́ra jẹ́ 15.7, ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo tí kò ní èròjà nínú sì jẹ́ 9.4.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ó bí ọlọ́jà ṣe ń ṣírò. Iye owó tí a ó lò níhìn-ín kì í ṣe ti kẹ́mísìtì kankan, a kàn fi ń ṣe àpẹẹrẹ ni. Ká ní bébà alẹ̀mọ́ra tí ẹnì kan yóò lò títí tán jẹ́ ₦20,000. Fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, mílíọ̀nù méjì náírà nìyẹn. Bí a bá yọ 9.4 kúrò nínú 15.7, ó ku bí èèyàn mẹ́fà tí ì bá má jáwọ́ láìsí bébà náà, nítorí náà nǹkan bí ₦333,000 ni a ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ká ní varenicline wọ́n tó ìlọ́po méjì, ₦40,000 lórí ẹnì kan. Mílíọ̀nù mẹ́rin ni ti ọgọ́rùn-ún èèyàn, ṣùgbọ́n bí a bá yọ 9.4 kúrò nínú 21.8, bí èèyàn méjìlá ló jáwọ́ nítorí rẹ̀, nǹkan bí ₦333,000 náà sì ni yóò jẹ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oògùn tó dà bí ọ̀wọ́n lójú ọjà kò wá wọ́n ju èkejì rẹ̀ lọ mọ́. Ká wá ní ìjókòó hypnotherapy jẹ́ ₦100,000. Mílíọ̀nù mẹ́wàá ni ti ọgọ́rùn-ún èèyàn. Èèyàn mélòó ni a ó fi pín in? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó lè jẹ́ mẹ́wàá, ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè má sí rárá. Ọjà tí a kò mọ iye rẹ̀ nìyẹn, kò sì tọ́ kí owó ìlú tàbí owó tálákà bá a lọ.

Ohun tó rọjú jù lọ kì í tilẹ̀ ṣe oògùn. Ní ọdún 1979, Michael Russell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn dókítà ti fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì gba àwọn amusìgá tó wá gba ìtọ́jú mìíràn níyànjú kí wọ́n jáwọ́, tí wọ́n fún wọn ní ìwé pélébé kan, tí wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé àwọn yóò tún béèrè. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 5.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti jáwọ́, nígbà tó jẹ́ 0.3 péré láàárín àwọn tí wọn kò bá sọ ohunkóhun. Ká ní ìwé náà àti àkókò nọ́ọ̀sì kò ju ₦500 lọ lórí aláìsàn kan. ₦50,000 ni ti ọgọ́rùn-ún èèyàn, tí a bá sì fi márùn-ún pín in, ₦10,000 ni ẹni kọ̀ọ̀kan tó jáwọ́ ná wa. Lọ́kọ́ja kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, ayé sì ti yí láti ìgbà náà. Bó bá wá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni yóò gbọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ńkọ́? ₦50,000 náà ni, kò sì tó owó tí amusìgá oní-mẹ́wàá-lójúmọ́ yẹn ń ná lórí sìgá lóṣù méjì. Fóònù tí ìpolówó ń gbà wọlé náà wúlò fún èyí. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2011, tí èèyàn 5,800 wà nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìmóríyá ránṣẹ́ sí jáwọ́ tó 10.7 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó kù jẹ́ 4.9, wọ́n sì fi àyẹ̀wò jẹ́rìí sí i kí wọ́n tó kà wọ́n. Oògùn cytisine náà wà, tí wọ́n ń fi èso igi kan ṣe, tí wọ́n sì ti ń tà ní Bùlùgéríà láti ọdún 1964. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Pólàǹdì, tó jáde ní ọdún 2011, rí i pé 8.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì jáwọ́ lẹ́yìn ọdún kan, ó sì jẹ́ 2.4 fún oògùn òfìfo.

Àwọn kan yóò bi wá pé ṣé ọ̀pọ̀ èèyàn kò ti fi sìgá sílẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Òótọ́ ni. Kódà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ti jáwọ́ ṣe jáwọ́, ẹni tó bá sì lè ṣe é bẹ́ẹ̀, kó ṣe é, a kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún tó bá dá gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí mẹ́ta sí márùn-ún ló máa ń ṣì dúró lórí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àwọn tó kù á padà, ojú á sì ti wọn láti tún gbìyànjú. Àwọn mìíràn yóò ní oògùn léwu, pàápàá varenicline, tí wọ́n ní ó ń da orí èèyàn rú. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí nígbà kan, nítorí àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fi ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára rẹ̀ ní ọdún 2009. Ìwádìí EAGLES tí a mẹ́nu bà lókè ni wọ́n fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kò sì rí ewu tó pọ̀ ju ti àwọn tó kù lọ, wọ́n sì yọ ìkìlọ̀ náà kúrò ní oṣù kejìlá ọdún 2016. Síbẹ̀, dókítà tàbí apòògùn ló yẹ kó fi lé èèyàn lọ́wọ́.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ń bi wá ìdí tí ìpínlẹ̀ tí ibà ń yọ lẹ́nu, tí àwọn aláboyún ń jìyà, tí omi ń ya wọ ilé ní Adankolo àti Ganaja, yóò fi máa náwó lórí ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra ìyọnu. Wọ́n á ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn baba wa náà ló ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Sìgá ń mú kí ikọ́ ẹ̀gbẹ ràn mọ́ni, ìyàwó àti ọmọ amusìgá sì ń fa èéfín tí wọn kò rà. Nígbà tí àrùn bá dé, ilé ìwòsàn ìjọba kan náà ni gbogbo wa jọ ń tò sí. Ìwádìí Richard Doll lórí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní ọdún 2004, fi hàn pé ẹni tó bá jáwọ́ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún ń jèrè bí ọdún mẹ́wàá láyé, ẹni tó bá ṣe é ní ọmọ àádọ́ta ọdún ń jèrè bí ọdún mẹ́fà. Kò sí ohun púpọ̀ nínú ìṣúná ìlera tó ń fi owó kékeré ra ọdún púpọ̀ báyìí. A kò sì ní kí wọ́n yọ owó ibà láti fi ṣe é. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru aláìsàn, tó ń kọ ọ́ sínú káàdì, tó sì ń jẹ́ kó lọ láìbi í bóyá ó ń mu sìgá, wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè kan ni à ń fi kún iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀bi náà kò wá rọ̀ sí ọrùn ẹnì kan. Ìjọba àpapọ̀ fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí tábà ní ọdún 2005, abala kẹrìnlá àdéhùn náà sì sọ ọ́ di dandan kí a ran àwọn tó fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́. Òfin ọdún 2015 dá Àpò Ìṣàkóso Tábà sílẹ̀, ṣùgbọ́n owó tó ń wọnú rẹ̀ kò tó nǹkan. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń bu owó orí lé ẹyọ sìgá kọ̀ọ̀kan, ₦1 ní ọdún yẹn, ₦2 ní 2019, ₦2.90 ní 2020, lórí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tó wà nílẹ̀ nígbà náà. Àjọ ECOWAS ti ní kí ó má dín ní ìdá 50, kí a sì tún fi ó kéré tán sẹ́ǹtì méjì owó Amẹ́ríkà lé ẹyọ kan. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní tirẹ̀ dúró bí ẹni pé Àbújá nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Àwọn ilé iṣẹ́ sìgá, tí wọ́n ti ń rí èrè lórí wa láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1933, kò lè ní ọwọ́ àwọn mọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà kéde pé British American Tobacco yóò san $110 mílíọ̀nù gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn lórí àwọn ìwà tó lòdì sí òfin. Àwọn tó ń ta ìtọ́jú náà ní ẹ̀bi tiwọn, nítorí ìrètí ni wọ́n ń tà láìsọ ìwọ̀n rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń béèrè rèé. Kí Iléeṣẹ́ Ètò Ìlera Ìpínlẹ̀ Kogi pàṣẹ pé kí ìbéèrè lórí tábà wà lára káàdì gbogbo aláìsàn, kí wọ́n sì kọ́ ó kéré tán nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan bí a ti ń béèrè, bí a ti ń gbani níyànjú àti bí a ti ń padà béèrè. Kí àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ fi bébà alẹ̀mọ́ra àti ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì kún ohun tí wọ́n ń sanwó fún, kí ìpínlẹ̀ sì rà wọ́n ní òbítíbitì kí owó wọn lè wálẹ̀. Kí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Ìjọba Àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́, fún àwọn tí oògùn oníhóró tọ́ sí. Kí àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀fẹ́ máa dé orí fóònù wọn ní Yorùbá, ní Igala, ní Ebira, ní Nupe àti ní Hausa. Kí àwọn agbófinró bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin ṣẹ lórí títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ti ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà ńlá bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìyá tó ní tábìlì kan. Kí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá rí i pé owó orí sìgá gòkè dé ibi tí ECOWAS là sílẹ̀, kí apá kan rẹ̀ sì wọnú Àpò Ìṣàkóso Tábà ní tààràtà, kí tálákà tí owó orí náà ń dùn lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà nínú rẹ̀.

Ní ti hypnotherapy, a kò ní kí wọ́n fòfin dè é. Ẹni tó bá ní owó tó sì fẹ́ ẹ, kó lọ ṣe é. Àmọ́ kí àjọ FCCPC sọ ọ́ di dandan pé olùtọ́jú tó bá ń polówó rẹ̀ fún ìjáwọ́ nínú sìgá gbọ́dọ̀ kọ iye tó ń gbà síta, kó sọ iye ẹni tó sanwó, iye tó jáwọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àti bí wọ́n ṣe yẹ̀ wọ́n wò. Bí ìtọ́jú náà bá ń ṣiṣẹ́, ìṣirò yẹn ni yóò gbè é, ìjọba á sì ní ìdí láti sanwó rẹ̀. Bí kò bá sì ṣiṣẹ́, oníbàárà á ti mọ̀ kó tó tọwọ́ bọ àpò. Ojúṣe àwa oníròyìn náà ni láti má ṣe gba ìpolówó tó bá kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, ohun kan wà tí kò nílò òfin tuntun, tí kò sì nílò owó: láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí gbogbo dókítà àti nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ yìí máa béèrè lọ́wọ́ gbogbo aláìsàn bóyá wọ́n ń mu sìgá, kí wọ́n sì gba ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni níyànjú kó jáwọ́.